Eré Agogo: Irin Tó Ń Dún Láyà Ọmọ Bándì

Ní ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí àwọn sárésáré tó jáde, bándì ló ń kọ́kọ́ wọ pápá. Ìlù ńlá á máa dún gbì-gbì, àwọn ìlù kéékèèké á máa dáhùn, fèrè idẹ á máa ké. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn èrò, tí kò rí bándì sójú rárá, ohun kan wà tí etí rẹ̀ máa kọ́kọ́ mú láàárín gbogbo wọn: ìró kan tó mú, tó sì mọ́, tó ń dún tín-ín, tín-ín, bí ìgbà tí òjò ń kán sórí páànù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ẹni tó ń lù ú lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọbìnrin ló sì sábà máa ń jẹ́. Férémù irin kan ni, tí apá rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ bí ìwo màlúù tó kọjú síra. Wọ́n to àwọn irin pẹlẹbẹ sáàárín rẹ̀, èyí tó gùn wà nísàlẹ̀, èyí tó kúrú wà lókè. Ọmọ náà á gbé e ró síwájú àyà, á fi ọwọ́ kan di ìdí rẹ̀ mú, á sì máa fi ọwọ́ kejì lù ú pẹ̀lú ọ̀pá kékeré olórí roboto.

"Láyà" ni orúkọ tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ bándì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ńṣe ni wọ́n ń yin ẹni tó gbé e, pé ó láyà, pé ojú èrò kò bà á lẹ́rù. Mo tún rò ó wò, mo ní bóyá torí pé àyà ni wọ́n gbé e kọ́ ni. Mo ṣìnà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ ní "lyre" ni, orúkọ ohun èlò orin olókùn tí àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ń ta, torí pé férémù yẹn jọ ọ́. Orúkọ tí àwọn olórin mọ irin náà sí káàkiri ayé jẹ́ ti Jámánì. Glockenspiel ni wọ́n ń pè é.

Kí n tó tú orúkọ náà, irọ́ kan wà tí mo fẹ́ fọ́. Nínú ìwé ABC tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, tí wọ́n bá dé lẹ́tà X, xylophone ni wọ́n máa ń kọ, wọ́n á wá ya àwòrán irin pẹlẹbẹ aláràbarà sábẹ́ rẹ̀. Igi ni "xylo" nínú èdè Gíríìkì. Ohun tó bá ń jẹ́ xylophone, igi ni wọ́n fi ń ṣe é, irú èyí tí àwọn ará Mali àti Burkina Faso ń pè ní balafon, tí àwọn ará àríwá Ghana sì ń pè ní gyil. Irú onírin kékeré tí wọ́n yà yẹn, glockenspiel ni. Mi ò dá àwọn tó ṣe ìwé náà lẹ́bi jù, nítorí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú X kò pọ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ló ń jìyà àṣìṣe náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká la orúkọ náà sí méjì. Glocke ni agogo. Spiel ni eré. Eré yìí kì í ṣe eré sísá. Eré tí a ní lọ́kàn ni nígbà tí a bá sọ pé olórin kan ń ṣeré lóde ìnáwó. Bí àwa náà ṣe ń lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún eré bọ́ọ̀lù, eré orí ìtàgé àti eré àwọn ọmọdé lábẹ́ òṣùpá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Jámánì ń lo Spiel. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba orúkọ náà bó ṣe wà, wọn kò túmọ̀ rẹ̀. Yorùbá ì bá túmọ̀ rẹ̀ láì fi nǹkan kan sílẹ̀: eré agogo.

Ṣùgbọ́n níbo ni agogo wà nínú rẹ̀? Irin pẹlẹbẹ ni, kò lẹ́nu, kò níkùn. Ìdáhùn rẹ̀ wà lórí òkè ilé ìjọsìn àti ti gbọ̀ngàn ìlú ní Yúróòpù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kó agogo ńlá jọ, tóbitóbi lọ sí kékeré, tí wọ́n ń fi wọ́n kọ orin sí gbogbo ìlú létí. Èyí ni Glockenspiel àkọ́kọ́. Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ ní ìlú Munich, òkè gbọ̀ngàn ìlú tuntun wọn ni wọ́n máa nawọ́ sí. Agogo 43 ló wà níbẹ̀ láti ọdún 1908, pẹ̀lú ère 32 tó ń jó yípo bí agogo ṣe ń dún. Àwọn kan ló wá fẹ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Wọ́n to agogo kéékèèké lẹ́sẹẹsẹ, ó wúwo, ó sì ṣòro láti mú kí ohùn wọn bára mu. Nígbà tó yá, wọ́n yọ agogo kúrò, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ rọ́pò. Agogo lọ, orúkọ rẹ̀ kù.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá lọ sílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lábúlé rí á rántí ohun tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò: rìmù ọkọ̀ tó ti gbó, tàbí gígé irin ojú ọ̀nà rélùwéè. Ọmọ tí wọ́n bá yàn á mú irin mìíràn, á lù ú, gbogbo wa á sì pariwo pé agogo ti lù. Agogo wo? Irin lásán ni. Ohun tí àwọn ará Jámánì fi irin pẹlẹbẹ ṣe náà nìyẹn, àfi pé tiwọn lóhùn púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ Glocke fúnra rẹ̀ tún jìn ju ibi tí a rò lọ. Lẹ́nu àwọn ará Ireland, níbi tí wọ́n ti ń pe agogo ní "clocc" láyé àtijọ́, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé ó ti wá. Láàárín sẹ́ńtúrì kẹfà sí ìkẹjọ ni àwọn ajíhìnrere láti Ireland ń rìn káàkiri ilẹ̀ tí a ń pè ní Jámánì lónìí, pẹ̀lú agogo ìfọwọ́mì lọ́wọ́. Irú agogo wo nìyẹn? Kì í ṣe agogo idẹ ńlá tí wọ́n ń yọ́ tí wọ́n ń dà. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní agogo Pátíríìkì Mímọ́ ṣì wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Dublin. Irin pẹlẹbẹ méjì ni alágbẹ̀dẹ fi ṣe é, ó tẹ̀ wọ́n, ó kàn wọ́n pọ̀ pẹ̀lú ìṣó, ó wá fi idẹ bò wọ́n lára.

Ẹ wo alágbẹ̀dẹ tiwa náà. Ó fẹ́ iná pẹ̀lú ewìrì, ó fi ẹ̀mú yọ irin tó ti pọ́n, ó fi ọmọ owú lù ú títí tó fi fẹ́lẹ́, ó tẹ apá kan bí ìlàjì ìwo, ó tẹ èkejì bẹ́ẹ̀, ó wá pa etí méjèèjì pọ̀. Agogo nìyẹn. Bó bá rọ méjì mọ́ra wọn, kékeré àti ńlá, ó di agogo ẹlẹ́nu méjì. Alágbẹ̀dẹ Ireland àti alágbẹ̀dẹ Ọ̀yọ́ kò mọ ara wọn rí, síbẹ̀ irin tí wọ́n lù, tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n pa létí pọ̀ ni agogo àwọn méjèèjì. Irin báyìí ló bí Glocke.

Irin yẹn kan náà ló bí aago. "Clock" tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe aago, ọmọ ìyá Glocke ni. Ní Holland, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe agogo àti aago, bákan náà ló rí ní Sweden. Ní tiwa ńkọ́? Agogo ni, aago ni. A máa ń sọ pé agogo mẹ́ta ti lù, bí ẹni pé a dúró sábẹ́ ilé ìṣọ́ kan tí a ń ka iye ìgbà tí wọ́n lù ú. Ẹni tó ń wo fóònù rẹ̀ lónìí, tí kò sí agogo kankan nínú rẹ̀, ṣì ń béèrè pé "Kí ni aago wí?" Ta ló kọ́ wa ní kíka wákàtí báyìí? Ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1855, wọ́n sì dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùṣọ́ àgùntàn sílẹ̀ lọ́dún 1898. Ní Ọ̀yọ́, ọdún 1896 ni ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti Andérù Mímọ́ fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Agogo ìjọ àti agogo kíláàsì kọ́ àwọn ìlú wọ̀nyí láti máa pín ọjọ́ sí wákàtí. Ṣùgbọ́n orúkọ agogo ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé tirẹ̀ dé, lọ́wọ́ akéde, lọ́wọ́ àwọn onílù, nílé òrìṣà. Kódà àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Brazil, ibẹ̀ ló sì wà dòní tí wọ́n ń kọ ọ́ ní agogô.

Mo ní kí n sọ bí irin pẹlẹbẹ ṣe ń kọrin, torí ó dùn mọ́ mi ju ìtàn ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ wá ọ̀pá irin tó gùn ní 20 sẹ̀ńtímítà. Ẹ fi ìka méjì mú un láàárín gbùngbùn, kí ẹ lù ú. Kò ní dún ju kọ́ lọ. Ẹ wá sún ìka lọ síbi tó ku sẹ̀ńtímítà mẹ́rin ààbọ̀ kó kan ìkángun, kí ẹ tún lù ú. Á dún, á sì pẹ́ kó tó dákẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí irin bá ń gbọ̀n, àárín rẹ̀ àti orí rẹ̀ méjèèjì ló ń gbéra sókè sódò, ṣùgbọ́n ojú méjì wà lára rẹ̀ tí kì í mì rárá. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe glockenspiel ń lu ihò sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lé. Ẹni tó bá so ó níbòmíràn ti pa á lóhùn.

Gígùn rẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ okùn gìtá láàárín méjì, ohùn rẹ̀ á gòkè láti dò dé dò kejì. Irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gé irin 20 sẹ̀ńtímítà sí 10, dò méjì ló máa fò lẹ́ẹ̀kan náà. Láti gba dò kan, ẹ gé e sí bíi 14. Ìdí rèé tí irin tó wà nísàlẹ̀ láyà kò fi gùn púpọ̀ ju èyí tó wà lókè lọ, tí ọmọ ọdún méjìlá fi lè gbé gbogbo rẹ̀ kọ́rùn. Bí ohùn irin kan bá lọ sókè jù, wọ́n á fi fáìlì ha ikùn rẹ̀ láàárín, ohùn á wálẹ̀. Bó bá wálẹ̀ jù, wọ́n á ha orí rẹ̀, ohùn á gòkè.

Èyí tí àwọn olórin ńlá ń lò nínú gbọ̀ngàn, irin 30 ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀, ohùn tó ga jù nínú wọn sì bá kọ́kọ́rọ́ tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún dùùrù mu: ìgbọ̀nrìrì 4,186 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ẹgbẹ̀rún méjì sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbọ̀nrìrì báyìí ni etí ènìyàn ti mú jù lọ. Nítorí náà ni ẹni tó wà lẹ́yìn èrò fi gbọ́ láyà kó tó gbọ́ ìlù ńlá tó tóbi tó àgbá.

Àwọn ọmọ Àyàn ti mọ èyí tipẹ́, wọn kò nílò ká ka ìgbọ̀nrìrì fún wọn. Ẹ wo ìyáàlù dùndún ní Ọ̀yọ́: ṣaworo idẹ ló yí ojú rẹ̀ ká, kéékèèké, lórí awọ. Bí ọwọ́ bá ti kan ìlù, ṣaworo á dún wínrín-wínrín lókè ohùn awọ. Ohùn awọ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣaworo ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà la ariwo ọjà Akẹ̀sán já. Ìyáàlù tí kò ní ṣaworo dà bí ìyàwó tí wọ́n mú lọ ilé ọkọ láì kun tìróò.

Ìlú òyìnbó náà fi ojú alágbẹ̀dẹ wo eré agogo nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Handel, ọmọ Jámánì tó fi London ṣe ilé, lò ó nínú iṣẹ́ orin rẹ̀ tó pè ní Saul, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní January 1739. Ó fi í síbi tí àwọn obìnrin ti ń jó pàdé Dáfídì, tí inú ń bí Sọ́ọ̀lù ọba. Charles Jennens, tó kọ ọ̀rọ̀ orin náà, rí ohun èlò tuntun yìí nílé Handel, kò sì wú u lórí. Ó kọ lẹ́tà sí ìbátan rẹ̀ kan pé àwọn kan ń pe nǹkan náà ní Tubali-Kaini, pé bóyá torí pé ó ń dún bí òòlù lórí irin alágbẹ̀dẹ ni. Tubali-Kaini ni baba àwọn alágbẹ̀dẹ nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹrin. Yẹ̀yẹ́ ni Jennens rò pé òun ń ṣe. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó sọ òótọ́ nípa irin yẹn tó o: lára Tubali-Kaini ní tiwọn, lára Ògún ní tiwa.

Ti Mozart ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nínú eré olórin rẹ̀ Die Zauberflöte, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Vienna lọ́dún 1791, pẹyẹpẹyẹ kan tó ń jẹ́ Papageno gba àpótí agogo ìdán. Nígbà tí àwọn ọ̀tá fẹ́ mú un, ó lù ú, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, wọ́n jó kúrò níbẹ̀. Àlọ́ ìjàpá tó dáa ni ìyẹn ì bá jẹ́. Ẹni tó wà lórí ìtàgé kì í lù ú fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń lù ú látẹ̀yìn. Lálẹ́ ọjọ́ kan Mozart yọ́ lọ sẹ́yìn, ó lù ú nígbà tí kò yẹ kó dún. Òṣèré náà wo ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, ó rí i. Ìgbà tó wá yẹ kó dún, Mozart kò lù ú mọ́, òṣèré náà dúró, ni Mozart bá tún lù ú. Ni òṣèré bá fi ọwọ́ gbá àpótí ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó panu mọ́, gbogbo èrò sì bú sẹ́rìn-ín. Mozart fúnra rẹ̀ ló ròyìn èyí fún ìyàwó rẹ̀, ó ní ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe òṣèré náà ló ń lù ú.

Nínú bándì ológun ni férémù oníwo náà ti gbilẹ̀, torí pé ẹni tó ń rìn kò lè gbé tábìlì dání. Bándì ṣọ́jà, bándì ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ ọmọkùnrin inú ìjọ, irú Boys' Brigade tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1908, ni ilé ẹ̀kọ́ wa wò kọ́ bándì tiwọn.

Ohun tí wọ́n wá ń fi í ṣe níbí ni mo ní ẹjọ́ sí. Orin ìjọ ni, orin orílẹ̀-èdè ni, orin tó lòkìkí lórí rédíò ni. Lọ́pọ̀ ìgbà orin ìjọ náà jẹ́ ohùn òkè òkun tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá há sínú rẹ̀. Ohùn orin á gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó wálẹ̀, ìgbà á di igbá, igbá á di igba, Ọlọ́run ló ń yé. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ńlá tí wọ́n ń pè ní organ nínú kàtídírà Lagos láti ọdún 1914 fún ọ̀pọ̀ ọdún, ja ìjà yìí, ó sì kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1953. Ó ní ohùn ọ̀rọ̀ ló yẹ kó máa darí ohùn orin Yorùbá. Ẹnu akọrin ló ń bá wí. Mo fẹ́ fi kún un pé ó kan irin náà.

Lọ́jọ́ kan mo bẹ ọmọ tó ń lu láyà pé kó lu dò, mí, dò, mí fún mi, díẹ̀díẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ọmọ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fi ké pé, "Ògbómọ̀ṣọ́!" Òótọ́ ni. Ò-gbó-mọ̀-ṣọ́: ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Ọ̀yọ́, tó wà ní bíi 50 kìlómítà sí i, dò àti mí náà ni. Ìsẹ́yìn, dò, mí, dò. Ìbàdàn, dò, dò, dò, kò tilẹ̀ nílò ju irin kan lọ. Ìlọrin ló gba irin kẹta: dò, rè, rè. Agogo ẹlẹ́nu méjì ti alágbẹ̀dẹ, tí kò ní ju ohùn méjì lọ, lè pe Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láìṣì. Láyà tó ní ohùn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá ń kọ orin ìlú ẹlòmíràn.

Kí n má purọ́, kò lè ṣe bíi gángan. Nígbà tí a bá pe "Ọ̀yọ́", ohùn òkè yẹn kì í fò látìlẹ̀, ńṣe ló ń gòkè bọ̀. Onígángan á fún ọṣán mọ́ra díẹ̀díẹ̀, ohùn á yọ́ gòkè. Irin kò mọ ìyẹn. Ó tún máa ń dún pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn àkọ́kọ́ á ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí èkejì bá dé, àfi kí ẹni tó ń lù ú fi àtẹ́lẹwọ́ pa á. Ẹni tó bá ń retí kí láyà ki oríkì bí ìyáàlù á retí títí.

Ẹ̀yin olùkọ́ orin àti ọ̀gá bándì tó wà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ ìdíje tó ń bọ̀, kí bándì tó bẹ̀rẹ̀ orin èyíkéyìí, ẹ dá gbogbo ìlù dúró, kí ọmọ tó gbé láyà fi irin rẹ̀ dárúkọ ìlú lẹ́ẹ̀mẹta. Irin méjì péré ló máa lò.